Bàbá Oníaago àti Góòlù tí Kò Rí

Níbi ìsìnkú Bàbá, irọ́ mẹ́rin ni wọ́n pa kí wọ́n tó gbé pósí jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní onísùúrù ni. Wọ́n ní kì í bá ẹnikẹ́ni yan odì. Wọ́n ní kì í pẹ́ dé ibi tí wọ́n bá pè é sí. Èyí tó wá ga jù nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n ní bí Bàbá bá jàre ọ̀rọ̀, ṣe ló máa ń dákẹ́. Màmá àgbà, ìyàwó rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, yíjú sí mi lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Àṣàkẹ́, dìde lọ wo inú pósí yẹn. Ó jọ pé òkú olókùú ni wọ́n gbé fún wa."

Èmi ò ní kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ síbí. Ìwé ètò ìsìnkú ti ṣe ìyẹn. Wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n bí i ní Ògbómọ̀ṣọ́ síbẹ̀, ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Wọ́n kọ ìgbà tó dé Kàdúná àti ìgbà tó di díákónì, wọ́n sì fi àwòrán kan sí i níbi tó ti ń wo ènìyàn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ ni ẹni tí mo mọ̀. Ẹni yẹn le, ó ń dunni, ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní.

Oníaago ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú títì ní Kinkinau, ní Kàdúná, aago tó lé ní ogún sì wà lára ògiri ibẹ̀, kò sí méjì tó sọ ohun kan náà. Bí oníbàárà bá bi í pé èwo ló tọ̀nà nínú wọn, á ní kó mú èyí tó bá wù ú. Òun fúnra rẹ̀ kì í wọ aago. Bí ìsìn bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, ìgbà tí pásítọ̀ bá ń sọ pé "ní ìparí ọ̀rọ̀ mi" ni díákónì wa máa wọlé. Á gba àárín kọjá lọ sí iwájú pátápátá, bàtà rẹ̀ á sì máa dún ko-ko-ko. Dádì mi, àkọ́bí rẹ̀, sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ó ń dójú ti ìdílé. Bàbá wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ tètè dé, kí lẹ rí gbà?"

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Kàdúná ni wọ́n bí àwa ọmọ ọmọ rẹ̀ sí, Hausa ló yá lẹ́nu wa. Bí mo bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé tí mo ní, "Baba, na dawo," pé mo ti dé, á gbé ojú sókè kúrò lórí aago tó ń tú, á wo ẹ̀yìn mi, á wo abẹ́ tábìlì, á wá pe Màmá àgbà pé kó jáde wá, àlejò kan ń sọ̀rọ̀ nínú ilé, òun ò sì rí i. Ọkùnrin yìí kan náà ń fi Hausa bá oníbàárà pariwo láti àárọ̀ dé alẹ́, ó ń fi Hausa tajà, ó ń fi Hausa ṣàdéhùn tí kò ní mú ṣẹ. Mo bi í pé kí ló dé tí tiwa fi jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní, "Èmi ń fi ṣiṣẹ́. Ìwọ ń fi ṣe ẹnu."

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ Bàbá, ẹ ní láti mọ̀ nípa káàdì ọdún. Páálí kékeré kan ni. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa ń tà á ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, pẹ̀lú àwòrán ẹni tó ni ín àti nọ́ńbà àga rẹ̀ lábẹ́ òrùlé ní pápá ìṣeré. Ẹni tó bá ní in kò tún ní ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ títí sáà á fi parí. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà fún. Wọ́n kọ ọ́ gbangba sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá ka ibẹ̀ dáadáa, ó tún un kà, ó wá lọ bá Alhaji Ràímì pé kí àwọn méjèèjì jọ dá owó rà á.

Alhaji Ràímì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì jọ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ìlọrin wá sí Kàdúná nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Ọ̀kan di oníaago ní Kinkinau, èkejì ń ta bẹ́ẹ̀dì fóòmù ní Rigasa. Ọ̀kan di díákónì, èkejì dé Mẹ́kà. Bàbá ga, ó sì gbẹ. Alhaji kúrú, ó sì sanra. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi jọra. Olóòlà kan náà ló kọ gọ̀mbọ́ sí wọn lójú ní kékeré, ilà náà sì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ní ọ̀tún àti ní òsì débi pé ẹni tí kì í ṣe ará ilé kì í rí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Màláàmù Gambo tó ń ṣọ́ géètì pápá kì í ṣe ará ilé. Á wo ilà inú àwòrán, á wo ilà ojú ẹni tó dúró síwájú rẹ̀, á kí i káàbọ̀, "Baba, sannu da zuwa," ó parí. Ọdún mọ́kànlá ni ojú méjì fi ń wọlé lórí àwòrán kan. Àwòrán Bàbá ni. Gbogbo Kérésìmesì ló ń mú un jáde kí a lè rí i bí òun ṣe lẹ́wà tó lórí páálí.

Òfin wọn kò pọ̀. Bí Bàbá bá lọ lónìí, Alhaji ló kàn. Bí eré bá ti parí, ẹni tó lọ á gbé káàdì lọ sílé ẹnì kejì, á jókòó, á sì ròyìn eré náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí kò bá lè lo ọjọ́ tirẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á. Kó fi fún ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, kí onítọ̀hún sì wá ròyìn. Ìròyìn yẹn ni owó ìjókòó. Àwọn tó ń ta tiwọn lẹ́nu géètì kò lóǹkà, àmọ́ lójú Bàbá, ẹni tó ta ọjọ́ rẹ̀ àti ẹni tó jí àpótí ọrẹ, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ìgbà kan tí ibà dá a dùbúlẹ̀ tí Alhaji sì rin ìrìn àjò, kọ́ńtírákítọ̀ kan tí wọ́n kọ gọ̀mbọ́ fún rán ènìyàn wá láti Sabon Tasha pé òun fẹ́ ra ọjọ́ náà. Dádì mi ní kó gbà, káàdì kò kúkú ní iṣẹ́ tí yóò ṣe. Bàbá gbé orí sókè lórí ẹní, ó ní, "Ìjókòó rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Èèló lò ń tà á?"

Nígbà náà ni wàhálà wá dé. Ta ni yóò fi fún? Kò sí ilà lójú ìkankan nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má kọ ọ́ fún wọn, pé ọ̀bẹ olóòlà ṣì ń ro òun lójú. Ọkùnrin tó ní ibà dìde, ó wọ súwẹ́tà méjì, ó lọ sí gáréèjì lọ wá ojú. Wákàtí kan kò pé tó fi rí i. Ọkùnrin alálùbọ́sà kan ni, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá rajà, gọ̀mbọ́ rẹ̀ pé pérépéré. Kò wo bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Bàbá dì í mú ṣinṣin, ó bẹ̀ ẹ́ ní orúkọ ìlú wọn, ó sì tì í wọ pápá. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin náà wá jókòó sí pálọ̀ wa, ó fi ọwọ́ lérán, ó ròyìn. Ó ní, "Wọ́n gbá a lọ, wọ́n gbá a bọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní ká máa lọ sílé." Bàbá mirí, ó ní, "Ó ṣòótọ́ ju Ràímì lọ."

Ìjà wọn dé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kan ní àárín àwọn ọdún 1990. Ọjọ́ tí Alhaji kàn ni. Ẹgbẹ́ wa gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, rẹfirí sì fagi lé e. Alhaji gbé káàdì wá sí Kinkinau ní ìrọ̀lẹ́, ó mu omi, ó ní ọ́fsáìdì ni, kò ní àríyànjiyàn. Bàbá, tó ti gbọ́ eré náà lórí rédíò, ní góòlù ni.

"Jóṣúà," Alhaji pe Bàbá ní orúkọ, "mo wà níbẹ̀."

"O wà níbẹ̀. Ojú rẹ ńkọ́?"

"Ojú mi yìí náà ló rí i! Ìwọ tó jókòó ti rédíò, kí lo rí?"

"Mo rí i pé góòlù ni."

Alhaji dìde, ó gbé fìlà rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ òun kò tún ní tẹ ilé yìí mọ́ títí Jóṣúà á fi gbà pé ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀. Bàbá ní kó rọra, àtẹ̀gùn kejì ti là. Bí ọ̀rẹ́ ogójì ọdún àti díẹ̀ ṣe dá ẹnu dúró nìyẹn, nítorí bọ́ọ̀lù tí ọ̀kan nínú wọn kò sí níbi tí wọ́n ti gbá a.

Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n káàdì kò dúró. Owó àwọn méjèèjì ló wà lórí rẹ̀, òfin sì ni òfin. Èmi ni wọ́n wá ń rán. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo wà nílé-ẹ̀kọ́ gíga, bọ́ọ̀lù kò sì kàn mí rárá. Bí eré bá parí lọ́jọ́ Alhaji, màá gun achaba, ọ̀kadà tiwa níbẹ̀, lọ sí Rigasa, màá jókòó láàrin àwọn bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, á ròyìn eré fún mi, màá gba káàdì, màá padà wá tún gbogbo rẹ̀ sọ fún Bàbá. Bàbá á fèsì. Lọ́jọ́ tí Bàbá bá lọ, màá gbé ìròyìn tirẹ̀ àti èsì tó ti kó jọ lọ sí Rigasa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo fi Hausa dà á pọ̀. Bàbá dá mi dúró ní gbólóhùn kìíní, ó ní kí n padà sẹ́nu ọ̀nà, kí n tún wọlé, kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìgbà márùn-ún ni mo wọlé lọ́jọ́ náà. Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí, inú èébú àwọn arúgbó méjì ni mo ti kọ́ ọ, kò sì sí olùkọ́ tó dára tó wọn.

"Sọ fún un," Alhaji á ní, "pé kó lọ tún aago ara ògiri rẹ̀ ṣe, kó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ẹni tó ní ojú."

"Sọ fún un," Bàbá á ní, "pé ẹni tó ń ta bẹ́ẹ̀dì, oorun ló mọ̀."

Mo jẹ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn yẹn ní Rigasa bí wọ́n ṣe rán mi. Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ nu fóòmù tí kò dọ̀tí. Nígbà tó pẹ́, ó ní kí n máa lọ, ilẹ̀ ti ń ṣú.

Màmá àgbà nìkan ló rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an. Ó pè mí sí ìdí ààrò, ó ní, "Káàdì yẹn nìkan ló kù láàrin wọn. Bàbá rẹ ti búra pé bí sáà yìí bá parí, òun kò ní bá Ràímì dá owó rà á mọ́. Ọjọ́ tí káàdì bá kú, kò sí ohun tí yóò mú ará Rigasa mọ Kinkinau mọ́. Ẹni àádọ́rin ọdún sì kì í rí àyè ní ọ̀rẹ́ ogójì ọdún mìíràn." Kò sunkún. Ó ń yí ọkà ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi ìránṣẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí bí sáà ṣe ń lọ sí òpin.

Òjò ló dá ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sílẹ̀. Ọjọ́ tí Bàbá kàn, eré kò tíì lọ jìnnà tí òjò fi lé gbogbo wọn nínú pápá, wọ́n sì ní àwọn á tún un gbá ní ọjọ́ kejì. Mo ti gbé káàdì lọ sí Rigasa ní ìrọ̀lẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí òfin, bẹ́ẹ̀ ni Alhaji ṣe lọ wo èyí tí wọ́n tún gbá. Káàdì padà sọ́dọ̀ Bàbá. Ó wá ku eré kan ṣoṣo kí sáà parí, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wa gbọ́dọ̀ borí kí wọ́n má bàa já sí ìpele kejì. Bàbá ní òun ló kàn. Alhaji ránṣẹ́ padà pé rárá o, ọjọ́ òjò Bàbá ni òun lọ bá a parí, ọjọ́ tòun gan-an ṣì wà nílẹ̀, kò tíì lò ó. Mo gun achaba ní ìgbà mẹ́rin lọ́jọ́ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ tó kẹ́yìn láti Rigasa ni pé, "Sọ fún un pé kó máa bọ̀. Èmi náà á wà lẹ́nu géètì."

Mo tẹ̀lé Bàbá lọ. Mo ní kí n dì í lọ́wọ́ mú ni, àmọ́ ká má parọ́, mo lọ kí n má bàa gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé díákónì àti Alhaji wọ ara wọn láṣọ. Àwọn ènìyàn pọ̀ bí eṣú. Alhaji ti dúró, ó wọ babaríga funfun. Ìṣòro mìíràn tún wà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rò. Nítorí èrò, ọ̀gá kan nínú àwọn olùtọ́jú pápá wá dúró ti Màláàmù Gambo lọ́jọ́ náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàrin ọdún mọ́kànlá, gọ̀mbọ́ méjì dúró ní géètì lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú páálí kan. Ojú Màláàmù Gambo ràn.

Ọ̀gá náà gba káàdì, ó wo àwòrán, ó wo Bàbá, ó wo Alhaji, ó tún wo àwòrán. "Wane ne a hoton nan?" Ta ló wà nínú àwòrán yìí? Ó ní bí wọn kò bá sọ òtítọ́, òun á fa káàdì ya, àwọn méjèèjì á sì padà sílé.

Bàbá nà ìka. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Àwòrán rẹ̀ ni, ó ti fi yọ wá lẹ́nu fún Kérésìmesì mọ́kànlá. Ìka náà kọjá àyà ara rẹ̀, ó lọ bá Alhaji. "Shi ne." Òun ni. Lẹ́sẹ̀ kan náà, Alhaji náà ti nà ìka sí Bàbá. "Shi ne."

Bí ẹ bá rò pé ọ̀gá náà sunkún, kò sun ún. Ó fi káàdì náà fẹ́ ara rẹ̀ lójú bí abẹ̀bẹ̀, ó ní, "Ku je ku yi shawara." Ẹ lọ fikùn lukùn. Ó lé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́bàá obìnrin tó ń ta ẹ̀pà sísun. Wọ́n dúró síbẹ̀, ọ̀kan ń wo ẹ̀pà, èkejì ń wo ọ̀run. Nínú pápá, wọ́n ti fun fèrè. Bàbá ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ẹni tó ti kó èébú oṣù mẹ́jọ jọ, ohun tó rí sọ ni pé, "Ràímì, o ti rù."

Alhaji fi etí babaríga nu ojú. Ó wá sún mọ́ Bàbá, ó tẹ ẹnu mọ́ ọn létí, ó sọ nǹkan kan. Mi ò gbọ́ ọ. Bàbá yí padà wò ó, ó ní, "Háà!" Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí tí fìlà rẹ̀ fi jábọ́ sórí àtẹ ẹ̀pà. Alhaji ń lù ú lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Wọn kò rí ìdajì eré àkọ́kọ́. Nígbà tí ọ̀gá náà wọlé lọ wo bọ́ọ̀lù, Màláàmù Gambo dá káàdì padà fún wọn, ó sì yíjú sí ògiri títí àwọn méjèèjì fi wọlé. Wọ́n jókòó sórí àga kan ṣoṣo, ìdí kọ̀ọ̀kan lórí ìlàjì. Wọ́n na ẹgbẹ́ wa ní góòlù méjì sí òdo. A já sí ìpele kejì, gbogbo ìlú fajú ro. Àwọn arúgbó méjì yìí ń bọ̀ wálé bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ, wọ́n sì ti fẹnu kò kí wọ́n tó dé Kinkinau pé àwọn á jọ ra káàdì sáà tó ń bọ̀, kí àwọn lè máa wo ìpele kejì lábẹ́ òrùlé.

Mo bi Bàbá ní alẹ́ ohun tí Alhaji sọ fún un. Ó ní ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Láti ọjọ́ náà, ohun kan yí padà tó kó ìdààmú bá ilé wa. Bàbá kò sọ̀rọ̀ nípa góòlù yẹn mọ́. Ẹ ní láti mọ irú ẹni tó jẹ́ kí ó tó lè yà yín lẹ́nu. Ọkùnrin yìí jàre Màmá àgbà lórí iye tí wọ́n ra ẹ̀wà ní ọdún tí wọ́n gbéyàwó, ó sì ń sọ ọ́ títí di ọdún tó kú. Ó jàre pásítọ̀ nígbà kan lórí ẹsẹ Bíbélì. Gbogbo ìgbà tí pásítọ̀ bá ṣí Bíbélì ló ń wúkọ́. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á mẹ́nu ba góòlù níwájú rẹ̀, á ní, "Bọ́ọ̀lù ti lọ," á sì padà sídìí aago rẹ̀. Dádì mi gbà pé ó ti sọ ìjà nù nítorí àlàáfíà. Màmá àgbà ní ara rẹ̀ kò yá ni, ó sì ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un.

Bàbá lọ nínú ọyẹ́ sáà tó tẹ̀lé e, ní òwúrọ̀, lórí àga ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú aago kan tó tú sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́yìn ìsìnkú, mo ní, "Bàbá, mo ti dé," ní Yorùbá tó mọ́, kò sì sí ẹni tó gbé ojú sókè.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Alhaji wá sí Kinkinau. Ó kí Màmá àgbà, ó jókòó sí àga tó máa ń jókòó sí, ó mú káàdì jáde nínú àpò babaríga, ó nà án sí mi. "Sátidé tó ń bọ̀, Bàbá rẹ ló kàn."

"Alhaji, Bàbá ti kú."

"Ṣé mo ní kò kú ni? Mo ní òun ló kàn. Kò gbọdọ̀ ṣòfò, a kì í sì í tà á. Lọ jókòó, kí o wá ròyìn fún mi."

Mo lọ. Màláàmù Gambo gba káàdì, ó wo ojú Bàbá lórí páálí, ó wo ojú tèmi tó ń dán bí àwo. "Ina tsagar fuskarki?" Ilà ojú mi dà? Ó mí kanlẹ̀. "Shekara goma sha ɗaya ina ganin mutum biyu a hoto ɗaya," ó ní. "Na uku ba zai kashe ni ba. Ki shiga." Ọdún mọ́kànlá ló fi ń rí ènìyàn méjì nínú àwòrán kan, ẹnì kẹta kò lè pa òun. Àwa la rò pé a gbọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo jókòó láàrin àwọn bẹ́ẹ̀dì ní Rigasa, mo ń ròyìn. Mo ròyìn bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, ta ló ṣubú, ta ni rẹfirí kìlọ̀ fún. Mo ní ẹgbẹ́ wa gbá ọ̀kan wọlé, òun náà ni wọ́n fi borí.

"Báwo ló ṣe wọlé?" Alhaji bi mí.

"Mi ò rí i, Alhaji."

"Ṣebí o wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀, sà. Ẹkún ni mò ń sun. Ibi tí mo ti ń nu ojú ni wọ́n ti ń fò sókè."

Ó ń fi ọwọ́ nu fóòmù, bí ó ṣe ń ṣe lọ́jọ́ tí mo jẹ́ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn fún un. Ó wá ní, "Èmi náà ò rí tèmi."

"Èwo, sà?"

"Èyí tí a torí rẹ̀ jà. Oorun ló gbé mi lọ, Àṣàkẹ́. Ariwo ló jí mi. Mo bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní ọ́fsáìdì ni, mo bá mú un bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí láti sọ fún Jóṣúà pé mo sùn lórí àga tí a jọ ni."

"Ṣé Bàbá mọ̀?"

"Kí lo rò pé mo sọ fún un lẹ́bàá ẹlẹ́pà? Kí ló já fìlà rẹ̀ bọ́?" Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ní ó ti bùṣe. Mi ò gbà á gbọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé Kinkinau ni mò ń retí pé kó tú u síta lójú gbogbo yín. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Kò tú u. Ó gbé e lọ."

Mo rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ tí Màmá àgbà rà.

"Mo wà lẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ ìsìnkú," Alhaji ní, "mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ò ní kọ nǹkan kan nípa rẹ̀?"

"Màá kọ, sà."

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé góòlù ni."

"Ṣùgbọ́n Alhaji, ẹ̀yin ò rí i. Bàbá náà ò rí i."

"Ṣé èmi lo tún fẹ́ bá jà ni?"

Mo gba káàdì, mo gun achaba padà sí Kinkinau. Mo ti tún irọ́ tí wọ́n pa níbi ìsìnkú Bàbá kà. Mẹ́ta ni. Góòlù ni.